Katakata fún Ilẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Troyeville, ní Johannesburg, ni Fèyíkẹ́ ti ń wá bí òun yóò ṣe sọ gbólóhùn kan, kò sì rí ọ̀nà rẹ̀. Gbólóhùn náà kò le. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń pè ní ilé ọkọ yóò ti sọ ọ́ kí wọ́n tó kọjá róbọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, iná tí ń darí ọkọ̀ lójú títì: "Katakata tí ẹ yàn yẹn yóò pa ènìyàn." Ṣùgbọ́n Akínwálé ni ó ń wa bákì, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n wà nínú rẹ̀, Akínwálé sì ni àbúrò ọkọ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Akínwálé nígbà tí wọ́n gbé Fèyíkẹ́ ní ìyàwó wọ ilé wọn ní Ìṣẹ́yìn. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nílé, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Pẹ́ńsùlù kan wà lẹ́yìn etí ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, Fèyíkẹ́ sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Akọ̀wé ti di ọ̀mọ̀wé nísinsìnyí, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Braamfontein bí a ṣe ń kọ́ afárá, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an kò tíì jáde lẹ́nu ìyàwó yìí rí. "Ẹ" ni ó fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nítorí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, "ẹ" ni òun náà fi ń dá a lóhùn. Ọ̀wọ̀ yìí dára. Òun kan náà sì ni àwọn méjèèjì fi ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́.

"Ẹ ò sọ̀rọ̀, Ìyá Rìnsọ́lá," ni Akínwálé fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é.

"Mò ń wo ojú ọ̀run ni, Akọ̀wé."

"Òjò yóò rọ̀ tó bá di ọ̀sán. Kó tó rọ̀, ẹ ó ti rí ohun tí katakata yìí lè ṣe. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná! Bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́."

Fèyíkẹ́ yí ojú sí fèrèsé. Òdòdó igi jakaránda ti wọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn tí ń gbá ojú ọ̀nà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọláwọlé ọkọ rẹ̀ ni ó ra ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ náà, ní ẹsẹ̀ òkè kan ní Magaliesburg, níbi tí ariwo Johannesburg kò dé. Kò tóbi. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà lè rí gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀dá ọdún 2015 kò jẹ́ kí ó fi ohunkóhun sínú rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé ilé ìwòsàn, ó ń wá ibi tí òjò ti ṣú. Òjò ti wá dé nísinsìnyí. Fèyíkẹ́ ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí oṣù yìí bá parí, yóò kó lọ síbẹ̀, òun nìkan, yóò gbin àgbàdo àti ẹ̀wà àti elégédé, bí àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́. Bí a tilẹ̀ ń sunkún, à ń ríran.

Ìpàdé tí ẹbí ṣe lórí fóònù nípa katakata tí wọn yóò rà fún un kò pẹ́. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni ó dá a: "Akínwálé dúró ní ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ni kó yan katakata." Gbogbo wọn ṣe àmín. Kò sí ẹni tí ó béèrè ta ni yóò máa wà á.

Irú èyí tí bàbá wọn wà ni Akínwálé sì lọ yàn. Ní ayé ìgbà kan, bàbá náà ni ó ń wa katakata ìjọba ní oko ńlá kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, katakata pupa tí ó ga bí ilé, táyà iwájú rẹ̀ kéré, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn bí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Orí irin tí ó bo táyà ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jókòó sí, Ọláwọlé lápá ọ̀tún, Akínwálé lápá òsì, wọn ó máa kọrin títí oko yóò fi tán. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni Akínwálé fi wá irú katakata náà káàkiri kí ó tó rí ọ̀kan ní ọgbà Kingsley, ẹni tí ń ta ẹ̀rọ oko àlòkù. Lọ́jọ́ tí ó rí i, ó pe Fèyíkẹ́ lórí fóònù, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ni ó bú sí i létí. Báwo ni ènìyàn ṣe ń bá ẹkún jiyàn?

Ṣùgbọ́n ọdún pípẹ́ ni Fèyíkẹ́ fi ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé àgbẹ̀ kan wá síwájú rẹ̀ nígbà kan, arúgbó aláwọ̀ funfun tí katakata rẹ̀ dojú dé lé lórí ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́ bí àwo. Bí ó ti ń tọ́ ọ sí abẹ́ ẹ̀rọ, ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń tún wí: "Òkè ni mo yí i sí. Ìsàlẹ̀ ni ǹ bá yí i sí. Òkè ni mo yí i sí." Kò jáde láàyè. Láti ìgbà náà, bí Fèyíkẹ́ bá rí katakata gíga lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́, ìbàdí ara rẹ̀ ni yóò máa ro ó.

Nítorí náà ni ó ṣe ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ó ti wọ ilé yẹn. Ó pe Kingsley láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní kí ó gbé katakata kékeré kan kún un.

Ọkọ̀ akẹ́rù Kingsley ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ náà nígbà tí wọ́n dé. Ọmọ Sápẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n Àjẹgúnlẹ̀ ni wọ́n ti wò ó dàgbà, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Hillbrow, ní Johannesburg, lọ.

"Ẹ̀gbọ́n! Màdáámù! Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wo ọba bó ṣe jókòó!"

Katakata pupa ni ó ń fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ọkọ̀ kan náà, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, tí ó fẹ̀ nídìí, aláwọ̀ ewé. Ọ̀pá irin kan tẹ̀ kọjá lókè ìjókòó rẹ̀ bí apá agbọ̀n, kí ó má bàa tẹ ẹni tí ń wà á bí ó bá dojú dé.

Akínwálé sọ̀ kalẹ̀ nínú bákì. "Àkèré wo ló ba síbí yìí? Ta ló ní kó o gbé e wá?"

Kingsley wo Fèyíkẹ́. Ó wo Akínwálé. "Eish," ni ó wí. "Mo rò pé ẹ ti jọ sọ ọ́ ni."

"Èmi ni, Akọ̀wé," ni Fèyíkẹ́ wí. "Mo ní kí a fi ojú wo méjèèjì."

Akínwálé fi ọwọ́ nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un nù. "Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o."

"Ohun tí wọ́n fi ń gé koríko iwájú ilé nìyẹn, Ìyá Rìnsọ́lá! Kí gbogbo àdúgbò máa sọ pé ọmọ Nàìjíríà ra ilẹ̀, wọ́n wá ń fi ohun ìṣeré tú u?"

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n, àkèré yẹn náà lágbára," ni Kingsley bọ́ sí i, nítorí ẹni tí ń tajà kò fẹ́ kí ọ̀kankan ṣubú. "Ṣùgbọ́n ọba ni ọba í jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, shap, ó dára."

Fèyíkẹ́ wo ilẹ̀ náà. Láti ibi tí wọ́n dúró, ó gòkè lọ bí òrùlé ilé, koríko rẹ̀ dé orúnkún. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun àti Ọláwọlé ti rìn ín já, wọ́n ti rí ihò tí àwọn ẹranko òru ń gbẹ́ síbẹ̀, tí ọmọdé lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ó la ẹnu.

"Akọ̀wé, ilẹ̀ yìí da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń fẹ́ agbára."

Ó ti yí padà. Kingsley ti ń sọ katakata pupa náà kalẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún, ẹyẹ dìde nínú koríko, ojú Akínwálé sì mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti àjò dé. Ó gun orí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Fèyíkẹ́ láti òkè, ó fi irin tí ó bo táyà ẹ̀yìn hàn án, lápá ìsàlẹ̀ òkè.

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ jókòó síbí. Kingsley yóò ya wá ní fọ́tò, kí a fi ránṣẹ́ sí Màmá. Ibi tí Bọ̀dá mi ń jókòó nìyẹn."

Gbogbo ohun tí ó ti ń gbé nínú láti Troyeville dé ẹnu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ní ń bẹ nínú, itọ́ funfun ni à ń tu jáde. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n dúró nílẹ̀."

Irọ́ ni. Akínwálé ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó sì fi jíà sí i.

Ìlà àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó wà á gba ẹsẹ̀ ilẹ̀ náà kọjá, níbi tí kò tíì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yí, ó padà. Ó ń kọrin. Fèyíkẹ́ gbọ́ ọ láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì, ohùn náà sì jọ ti Ọláwọlé. Ó rò ó pé bóyá ìbẹ̀rù òun ni kò mọ níwọ̀n. Bóyá opó lásán ni òun, tí ń rí ikú níbi gbogbo.

"Ẹ rí i, màdáámù?" ni Kingsley wí, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ya fọ́tò. "Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Bí ìyàwó tuntun!"

Akínwálé gba òkè lọ. Ní ibi tí koríko ti ga jù, ó fi katakata dábùú ilẹ̀ náà. Fèyíkẹ́ rí i bí ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rí i pé orí ọkùnrin náà kò sí láàárín táyà méjèèjì mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń yára, koríko ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó ń pè é: "Akọ̀wé! Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́!" Akínwálé gbọ́ ọ, nítorí ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó juwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Fèyíkẹ́ ń yọ̀ ni.

Táyà ẹ̀yìn ti apá ìsàlẹ̀ jìn sínú ihò.

Kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Katakata náà kàn tẹ̀, ó sì ń tẹ̀ sí i. Táyà ńlá ti apá òkè kúrò nílẹ̀, ó ń yí nínú afẹ́fẹ́, ẹrẹ̀ ń já bọ́ lára rẹ̀. Akínwálé di sítíárìn mú. Gbogbo ara rẹ̀ fà sí apá òkè, ọwọ́ rẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa sítíárìn síbẹ̀, bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni yóò ti ṣe.

"Akínwálé!"

Fèyíkẹ́ kò mọ̀ pé ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú òun. Ohùn náà bá ẹ̀gbẹ́ òkè lọ.

"Akínwálé! Ìsàlẹ̀! Yí i sí ìsàlẹ̀! Má yí i sókè!"

Orí ọkùnrin náà ta kìjí. Láti ìgbà tí Ọláwọlé ti kú, kò sí ẹni tí ó pè é báyẹn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe ọmọdé kúrò lẹ́nu kànga. Kò ronú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Táyà iwájú kọjú sí ìsàlẹ̀, katakata náà mì lẹ́ẹ̀kan bí ẹran tí ń kú, táyà apá òkè sì lulẹ̀ gbì. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Fèyíkẹ́ kọjá débi pé ooru ẹ́ńjìnnì fẹ́ ẹ lójú, ó gba waya ọgbà já, ó sì dúró nínú adágún tí ọ̀dá ti gbẹ, tí òjò tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ẹrẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún.

Nígbà tí Fèyíkẹ́ dé ibẹ̀, Akínwálé ti sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, bàtà kan ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kingsley sáré dé, ó yí katakata náà ká, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọlọ́run ṣeun! Ọlọ́run ṣeun o! Kò sí nǹkan tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n, kódà iná iwájú rẹ̀ kò fọ́." Ó rí ojú Fèyíkẹ́. "Ẹ̀gbọ́n ni mo ní lọ́kàn o, màdáámù," ni ó wí, ó sì rìn lọ wo waya.

Akínwálé ń wo irin tí ó bo táyà ẹ̀yìn, ti apá ìsàlẹ̀. Kò gbójú kúrò níbẹ̀.

"Mo ní kí ẹ jókòó síbẹ̀," ni ó wí.

"N kò jókòó síbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mo ní kí ẹ jókòó síbẹ̀." Ó wá yíjú sí i. "Ìyá Rìnsọ́lá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ ní ilẹ̀ yìí da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn."

Akínwálé mọ ilé tí òun ti wá, ó sì mọ bí àwọn ìyàwó ibẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Fèyíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ti wá rí gbólóhùn náà, kò sì nira mọ́.

"Katakata yìí yóò pa mí, Akọ̀wé. Èmi ni mo máa wà á. Ẹ̀yin á wà ní Braamfontein. Èmi nìkan ni màá wà lókè yẹn, kò sì ní sí ẹni tí yóò pariwo fún mi."

Fóònù dún. Nínú àpò Akínwálé ni. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó sì dì í mú bí ẹni tí ó di ẹyin mú. Màmá ni. Kingsley ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí fóònù Akínwálé láti ìlà àkọ́kọ́, wọn kò sì tíì fi ìkankan ránṣẹ́ sílé. Ìyá àgbà ti ń retí láti àárọ̀.

"Ẹ gbé e wá," ni Fèyíkẹ́ wí.

Ó kúnlẹ̀ kí ó tó gbé e sétí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń kí i láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ì báà jẹ́ lórí fóònù. "Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ẹ kú ojú lọ́nà."

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ ti rí i? Ṣé pupa ni?"

"Pupa ni, Màmá. Ó ga. Ó jọ ti Bàbá."

"Olúwa, o ṣeun."

"Ṣùgbọ́n a ò mú un, Màmá."

Adìẹ kan ké lẹ́yìn ìyá náà, ní Ìṣẹ́yìn.

"Ta ni ò mú un?"

Ó lè sọ pé àwọn ni. Ó lè sọ pé Kingsley ni. "Èmi ni," ni Fèyíkẹ́ wí. "Ilẹ̀ ibí kò tẹ́, Màmá. Ó lè dojú dé."

"Bàbá yín fi í jẹun títí ó fi kú, kò dojú dé!"

"Ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn ni, Màmá."

"Ta ni ó fi ọ́ ṣe olórí níbẹ̀? Ṣé torí ọmọ mi ti kú ni? Gbé fóònù fún Akínwálé."

Fèyíkẹ́ na fóònù sí i. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹbí yóò ra pupa, pupa yóò wà níbí, òun yóò sì ní láti yàn láàárín kí òun gùn ún àti kí òun fi ilẹ̀ Ọláwọlé sílẹ̀.

Akínwálé gbà á. "Màmá," ni ó wí. "Màmá, díẹ̀ ló kù kí n..."

Fèyíkẹ́ mi orí. Ó mì í lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ìyá tí ó ti sin ọmọ kan ní ọdún yìí ni ó wà ní òdìkejì.

"Màmá, èmi ni mo ṣàṣìṣe," ni Akínwálé wí. "Èmi ni mo lọ mú èyí tí kò bá ilẹ̀ mu. Mo ti wà á, mo ti rí i. Kékeré kan wà níbí, òun la mú. Ohun tí ìyàwó wa wí ni mo wí." Ó gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. "Rárá, Màmá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá. Ó... bẹ́ẹ̀ ni. Aláwọ̀ ewé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kúrú." Ó tún gbọ́. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. "Wọ́n ní kí a ya fọ́tò èyí tó kúrú náà ránṣẹ́," ni ó sọ fún Fèyíkẹ́. "Wọ́n ní ìbínú ṣì wà nínú wọn o, ṣùgbọ́n kí a yà á."

Òjò ti ń ṣú ní apá ìwọ̀-oòrùn nígbà tí Kingsley sọ katakata kékeré náà kalẹ̀. Fèyíkẹ́ gun orí rẹ̀. Kò ga, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé. Kingsley fi bíréèkì àti jíà hàn án, ó sì sọ pé bẹ́líìtì kò pọn dandan, àwọn tí ń rà á kì í dè é. Fèyíkẹ́ dè é. Ó tẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Akọ̀wé, mi ò fẹ́ kí ẹ gun ẹ̀yìn rẹ̀ o."

"Ta ló fẹ́ gùn ún?" Akínwálé ti rí bàtà rẹ̀. Ó ti ṣẹ́ igi gígùn kan lára igi ẹ̀gún tí ó wà létí adágún, ó ń gé ewé rẹ̀ dànù. "Ẹ fún mi láyè kí n lọ síwájú. Ẹ má yára. Bí mo bá dúró, kí ẹ dúró."

Ó wọ inú koríko lọ níwájú rẹ̀, sínú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó ń gún ilẹ̀ ní ọ̀tún, ó ń gún un ní òsì. Fèyíkẹ́ tẹ̀ lé e, jíà kékeré jù lọ, afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ibi tí koríko ti ga jù, igi náà wọlé títí dé ìdajì. Akínwálé dúró lé ihò náà, ó ya ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ihò!" ni ó kígbe. "Ẹ yà fún un! Ẹ gba apá ibí!"

Fèyíkẹ́ tẹ bíréèkì. Ó wo ibi tí ó tọ́ka sí, ó wò ó dáadáa, kò gbà pé ó dára.

"Rárá," ni ó pariwo padà láti orí ìjókòó. "Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà. Ẹ kọ́kọ́ gún un wò."

Akínwálé lọ gún un wò.